Bí Ẹ̀rọ Kan Bá Dákẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ètò Agbedeméjì Tó Ṣeé Gbára Lé

Ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí oní-POS tí kò mọ ìbéèrè yìí: "Ṣé wọ́n ti yọ owó náà àbí wọn ò tíì yọ ọ́?" Oníbàárà ti ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó ti tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ń yí, lẹ́yìn náà ó gbé "Issuer or switch inoperative" jáde, tàbí kó má tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Ìyá tó fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní àláàtì ti wọlé sórí fóònù òun, wọ́n ti yọ owó. Ọmọ tó ni ẹ̀rọ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, kò tíì wọlé sọ́dọ̀ mi." Àwọn méjèèjì ò parọ́. Àwọn ẹ̀rọ tó wà láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu.

Awuyewuye kékeré yìí jẹ́ ẹ̀ka ìbéèrè ńlá kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń wá ìdáhùn sí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Báwo ni a ó ṣe ṣe ètò agbedeméjì, èyí tí wọ́n ń pè ní middleware, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò fi lè pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ náà ò sì ní dojú rú bí ọ̀kan nínú wọn bá kú tàbí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ? N ó to àwọn ìdáhùn pàtàkì tí wọ́n ti mú wá sílẹ̀, n ó sì fi ohun tí ojú ń rí nílé wa yẹ̀ wọ́n wò. Èmi gbà pé iṣẹ́ ètò agbedeméjì kọ́ ni láti bo ìkùnà mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí wọ́n mọ̀ ọ́n láìpẹ́, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà

Ìbéèrè tí ìyá yẹn fi káàdì rẹ̀ béèrè kì í lọ sí báńkì rẹ̀ tààrà. Ẹ̀rọ POS á fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn á fi í lé ọwọ́ àwọn tó ń darí ìbéèrè láàárín báńkì, irú iṣẹ́ tí Interswitch ti ń ṣe láti 2002. Ibẹ̀ ni yóò gbà dé báńkì tó fún un ní káàdì, ìdáhùn á sì tún tọ ọ̀nà kan náà padà. Ní ti owó tí èèyàn ń fi fóònù ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn, NIBSS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 ló sábà máa ń wà láàárín. Láti 2011 ni ètò NIP rẹ̀ ti jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ máa wọlé lójú ẹsẹ̀. Níbi kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà yìí, iná lè lọ, wáyà lè já, ẹrù sì lè wọ sáfà (server) lọ́rùn.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi object ṣiṣẹ́. Norway ni ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe èdè Simula 67. Object kan ní ohun tó fi pamọ́ sínú ara rẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ tó gbà kí ẹlòmíràn bẹ òun. Àkáǹtì báńkì jẹ́ object: ẹni tó wà níta kò lè fọwọ́ kan iye owó inú rẹ̀, àfi kó ní kí ó yọ owó tàbí kí ó gba owó wọlé.

Tí gbogbo object bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan, ọ̀rọ̀ ò le. Bí ọ̀kan bá pe èkejì, èkejì á dáhùn. Bí iná bá lọ, gbogbo wọn á kú pọ̀, kò ní sí ẹni tó kù tí yóò máa retí ìdáhùn. Ìgbà tí object tó ń pè bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí èyí tí wọ́n ń pè sì wà ní Èkó, ni wàhálà dé. Ìdajì lè kú kí ìdajì wà láàyè. Èyí tó wà láàyè kò ní mọ̀ bóyá ẹnìkejì kú kó tó gbọ́ iṣẹ́, àbí ó ti ṣe é tán kó tó kú, àbí kò tilẹ̀ kú rárá, tí ìdáhùn rẹ̀ kàn ń falẹ̀ lọ́nà. Gbogbo ìdáhùn tí mo fẹ́ tò yìí, ojú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n ti pín yà.

Àwọn tó fẹ́ kí ọ̀nà jíjìn dà bí ìtòsí

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé kí ètò agbedeméjì fi ọ̀nà jíjìn pamọ́. Ní 1984, Andrew Birrell àti Bruce Nelson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwádìí Xerox ní California, ṣàlàyé bí ètò inú kọ̀ǹpútà kan ṣe lè bẹ kọ̀ǹpútà mìíràn níṣẹ́ bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ní 1989 àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ Object Management Group. Ní 1991 wọ́n gbé ìlànà CORBA jáde. Microsoft mú DCOM wá ní 1996, Sun Microsystems sì fi RMI kún èdè Java ní 1997.

Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Nípasẹ̀ CORBA, object tí wọ́n fi C++ kọ lè bá èyí tí wọ́n fi Java kọ sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ jọ gba ìwé àdéhùn kan tó to orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti irú ìsọfúnni tí iṣẹ́ náà ń gbà. Irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú gRPC, tí Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2015. Ìyẹn ni ohun rere tí ìran yìí fi sílẹ̀, kò sì yẹ ká sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n ní 1994, Jim Waldo àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní Sun kọ ìwé ìwádìí kan tó mi ìpìlẹ̀ èrò náà tìtì. Wọ́n ní object tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́nà jíjìn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, pé ẹni tó bá fi ìyàtọ̀ wọn pamọ́ ń dẹ pàkúté fún ẹni tí yóò lo ètò rẹ̀. Ìdáhùn láti ọ̀nà jíjìn máa ń pẹ́. Àwọn méjèèjì ò lè jọ wo ibi ìrántí kan náà. Ọ̀pọ̀ nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí olùdarí kan. Èyí tó sì le jù ni pé apá kan lè bàjẹ́ kí apá kejì má mọ̀. Ìdí nìyí tí RMI, tí Waldo àti Ann Wollrath wà lára àwọn tó ṣe é, fi ní dandan ni kí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ń bẹ object ọ̀nà jíjìn kéde RemoteException. Ẹni tó ń pè gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìpè òun lè má délé.

Ẹ̀rí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ti wà nílẹ̀ láti 1985. Michael Fischer, Nancy Lynch àti Michael Paterson fi ìṣirò hàn pé níbi tí a kò bá ti mọ bí iṣẹ́ tí a rán ṣe lè pẹ́ tó lójú ọ̀nà, kò sí ìlànà tó ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ kan náà nígbà gbogbo tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn kọ̀ǹpútà yóò fẹnu kò, bó bá ṣeé ṣe kí ẹyọ kan péré nínú wọn kú. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó kú àti ẹni tó ń falẹ̀ jọ ara wọn lójú ẹni tó ń dúró. Nítorí náà, nígbà tí oní-POS bá ní "kò tíì wọlé", tí kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá sọ ju ohun tó mọ̀ lọ ló yẹ ká bá wí.

Àwọn tó ní ká ṣe é tán tàbí ká má ṣe é rárá

Jim Gray, tó gba ẹ̀bùn Turing ní 1998, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìlànà kejì lélẹ̀. Bí owó bá ń kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sínú òmíràn, kí ìyọkúrò àti ìwọlé jọ ṣẹlẹ̀, tàbí kí méjèèjì má ṣẹlẹ̀. Láàárín kọ̀ǹpútà púpọ̀, alákòóso kan á kọ́kọ́ bi gbogbo wọn bóyá wọ́n ti múra tán. Bí gbogbo wọn bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á wá pàṣẹ. Ní MIT, Barbara Liskov gbé ìlànà yìí wọ inú èdè Argus ní àwọn ọdún 1980. Àwọn object ńlá inú Argus máa ń kọ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbàgbé sórí dísíìkì, tí kọ̀ǹpútà bá sì kú, wọ́n á jí pẹ̀lú ìrántí wọn. Ní Newcastle ní England, Santosh Shrivastava àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Arjuna fún àwọn object tí wọ́n fi C++ kọ. Inú rẹ̀ ni Narayana, tí àwọn tó ń kọ Java ń lò, ti jáde.

Ìlànà yìí bọ̀wọ̀ fún òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń há. Bí alákòóso bá kú lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti ní àwọn múra tán, tí kò tíì pàṣẹ, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò sì lè padà sẹ́yìn. Wọ́n á di owó náà mú títí alákòóso á fi jí. Nílùú tí iná ti lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí dalẹ́, irú ìdúró bẹ́ẹ̀ lè ba ọjà alájàpá kan jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé inú ilé kan, láàárín àwọn sáfà báńkì kan ṣoṣo, ni ìlànà yìí ti wúlò jù. Láàárín àwọn tí kò jọ ní ọ̀gá kan náà, tí ọ̀nà wọn sì ń já, ó yẹ ká wá nǹkan mìíràn.

Àwọn tó gbára lé ẹ̀dà púpọ̀

Ìdáhùn kẹta ni pé kí object kan ní ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, bí ọ̀kan bá kú kí àwọn tó kù máa bá iṣẹ́ lọ. Ní Yunifásítì Cornell, Ken Birman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Isis, tí wọ́n lò ní ọjà ìpín-ìdókòwò New York àti fún ìdarí ọkọ̀ òfuurufú ní Faransé. Leslie Lamport, nínú ìlànà Paxos tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní 1998, fi hàn bí àwọn ẹ̀dà ṣe lè fẹnu kò bí ohun tó ju ìdajì wọn lọ bá ṣì ń gbọ́ ara wọn. Ohun tó dì í mú rọrùn láti rí: bí ẹ̀dà márùn-ún bá wà, tí mẹ́ta fọwọ́ sí ìpinnu kan, kò sí mẹ́ta mìíràn tó lè pàdé tí kò ní ní ó kéré tán ẹnìkan tó wà níbi ìpinnu àkọ́kọ́. Méjì lè kú, ìtàn ò ní dà rú. Paxos yìí ò sì ta ko ẹ̀rí 1985: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú jù, ó lè pẹ́ kó tó pinnu, ṣùgbọ́n kò ní pinnu ohun méjì tó tako ara wọn.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ohun kan náà ni àwọn ẹ̀dà mọ̀, ìlànà kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìdánwò JAMB ní 2025 fi hàn wá bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti yí bí wọ́n ṣe ń da ìbéèrè pọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń máàkì padà. Àtúnṣe tuntun dé sórí àwọn sáfà ìhà kan. Kò dé sórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti fún ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ibùdó ìdánwò 157 nínú 887 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn ọmọ 379,997 ni wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn bó ṣe ń tọrọ àforíjì.

Kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn sáfà yẹn ń dáhùn. Ẹnikẹ́ni tó ń wò wọ́n láti ìta á ní ara wọn dá ṣáṣá. Ìdáhùn wọn ni kò bára mu. Ètò agbedeméjì tó péye kò gbọ́dọ̀ fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ojú èèyàn láti rí. Kí ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan gbé nọ́ńbà ẹ̀yà ètò tó ṣe é dání. Kí sáfà tí nọ́ńbà tirẹ̀ kò bá dọ́gba kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kó sì kígbe síta. Sáfà kan tó kọ iṣẹ́ láàárọ̀ kò lè fa ẹkún tó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ti gbà pé ìkùnà á dé

Ìdáhùn kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1986, ní ilé-iṣẹ́ Ericsson ní Sweden, Joe Armstrong bẹ̀rẹ̀ èdè Erlang fún ẹ̀rọ tẹlifóònù. Ó gbà pé nǹkan á bàjẹ́ dandan. Ó pín ètò sí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí kò jọ ní ìrántí kankan pọ̀, tí ìsọfúnni nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀; bí ọ̀kan bá kú, alábòójútó rẹ̀ á jí òmíràn dìde. Àwọn ètò tó ń to ìsọfúnni sílẹ̀ títí ẹni tó ni ín á fi wá gbà á wà ní ìlà yìí náà.

Òfin mẹ́ta ló di ìlànà yìí mú. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó rán an. Bí ìdáhùn ò bá dé, tún un rán. Bí irú kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì, dá a mọ̀, má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Òfin kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹ̀rọ bá rán "yọ 5,000 náírà", tí kò gbọ́ ìdáhùn, tó sì tún un rán, owó méjì lè lọ. Bó bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo mọ́ ìbéèrè náà, báńkì á rí i pé ìbéèrè àná ni, á sì kàn tún ìdáhùn àná sọ. Nọ́ńbà RRN tó máa ń wà lórí rìsíìtì POS wà nínú ìdílé èrò yìí. Ìlànà ISO 8583, tí àwọn ẹ̀rọ káàdì káàkiri ayé ń lò, náà ní ìsọfúnni tiẹ̀ fún dídá owó padà nígbà tí ìdáhùn bá sọnù lọ́nà.

Ọ̀yọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí nínú ìtàn tirẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ níbẹ̀, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní England ní 1899, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ohun tí wọ́n rán kò délé, ṣùgbọ́n nítorí pé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó rán an, iṣẹ́ náà kò ṣègbé. Object tó ń rán iṣẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti gba ìpadánù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tó bọ́ lójijì àti wáyà abẹ́ òkun

Oṣù Kejì 2023 ni ìlú yẹ gbogbo ètò yìí wò. Ilé Ìfowópamọ́ Àpapọ̀ ti pa àwọ̀ owó dà, owó tuntun ò tó, gbogbo wa sì yíjú sí fóònù. Alátà, ọlọ́kadà, elépo, gbogbo wọn di ẹni tó ń gba owó orí fóònù. Ẹrù tí àwọn báńkì ò retí bọ́ lé wọn lójijì. Bí owó bá há, èèyàn á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ yẹn ń fi ẹrù kún ẹrù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ètò agbedeméjì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ pé "ó tó": kí ó máa fi àyè sílẹ̀ láàárín àtúnrán kan àti òmíràn, kí àyè náà sì máa gùn sí i, bí ọ̀nà bá kún, kí ó tètè sọ fún oníbàárà pé òun ò gba iṣẹ́ yìí, wọn kò sì yọ kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn báńkì wa náà sì jìyà rẹ̀. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Bí owó tó ń lọ láàárín wọn bá ní láti gba òkèèrè kọjá kó tó délé, a jẹ́ pé ẹni tó ṣe ètò náà kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí object kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ibùgbé object jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó hàn kedere lójú ẹni tó ń kọ ètò, kó lè yàn án pẹ̀lú ọgbọ́n.

Ibi tí mo dúró sí

Nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó yẹ ká dà nù. Ká gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ àwọn ará CORBA. Ká lo ìlànà Gray láàárín ilé kan, ká sì lo ẹ̀dà púpọ̀ fún ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ṣùgbọ́n láàárín ilé-iṣẹ́ kan àti òmíràn, lórí ọ̀nà tó ń já, òfin mẹ́ta yẹn ni kí ó jọba, kí ìdáhùn sì jẹ́ oríṣi mẹ́ta: ó ti ṣe, kò ṣe, a kò tíì mọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń sá fún. Wọ́n á pè é ní "kò ṣe" kí iṣẹ́ lè yá, ìyá tó dúró nídìí POS á sì fi owó rẹ̀ san án. Kí object tó bá ní òun kò tíì mọ̀ máa bá ìwádìí lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi mọ̀. Ní 2020, Ilé Ìfowópamọ́ Àpapọ̀ dín àkókò tí báńkì ní láti yanjú àríyànjiyàn POS kù sí wákàtí 72. Òfin tó dáa ni. Síbẹ̀, ètò tí wọ́n bá ṣe dáadáa á ti yanjú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí oníbàárà tó kúrò nídìí ẹ̀rọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní yunifásítì LAUTECH láti 1990, Ọ̀yọ́ sì ní Yunifásítì Ajayi Crowther láti 2005. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ mọ ìkùnà iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ju ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ àwọn ìwé tí wọ́n ń kà lọ. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, ó sì yẹ kó níyì nínú kíláàsì. Nígbà tí ọmọ bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá, kí olùkọ́ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Kí ó pa sáfà kan láàárín ìdúnàádúrà. Kí ó rán ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kí ó ka owó inú àwọn àkáǹtì, kí ó wò ó bóyá kọ́bọ̀ kan sọnù tàbí bóyá kọ́bọ̀ kan yọjú láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tó bá rí ni kí ó fún ọmọ ní máàkì lé lórí, ṣáájú ẹwà ojú ìwé rẹ̀. Ètò tó bá yege níbẹ̀ á dúró ní London àti ní New York, ìlú wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ayé ní ètò agbedeméjì tí ìyà tí a ti jẹ kọ́ wa láti ṣe.